Àwọn Elégbè Ló Ń Pa Orin Mọ́: Ohun Tí Orin Gaelic ní Cape Breton Kọ́ Mi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá orin kan ní Gaelic, èdè àtijọ́ àwọn ará àríwá Skọ́tílándì, ṣì wà láàyè ní Cape Breton, ẹ má wo ẹni tó ń lé e, àwọn tó ń gbè é ni kí ẹ wò. Ẹnìkan lè jókòó ti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kó kọ́ ogójì orin sórí láìṣì ọ̀rọ̀ kan pè. Bí kò bá sí ènìyàn mẹ́jọ tó lè gba ègbè lẹ́nu rẹ̀ láìwo ìwé, ọjọ́ tí ohùn bá há ẹni náà ni orin náà parí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń fi orin lu aṣọ, tí mo sì ń kọ́ tọmọdé tàgbà ní orin wọ̀nyí. Ohun tó yé mi jù nídìí rẹ̀ nìyí, bí a ṣe ń fi ṣiṣẹ́ ni mo sì fẹ́ sọ.

Cape Breton jẹ́ erékùṣù ní ìlà-oòrùn Kánádà, ara ìpínlẹ̀ Nova Scotia ni. Ní 1773 ni ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Hector kó nǹkan bí igba ènìyàn wá láti àríwá Skọ́tílándì, tó sì gúnlẹ̀ sí Pictou ní Nova Scotia. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló tẹ̀ lé wọn, pàápàá láàárín 1800 sí 1850, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tẹ̀dó sí Cape Breton. Àwọn onílẹ̀ ní Skọ́tílándì ń lé àgbẹ̀ kúrò kí wọ́n lè rí ààyè da àgùntàn. Àwọn mìíràn sì wá fúnra wọn nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ilẹ̀ wà. Wọn kò fọ́n ká, ìyẹn ló sì gba orin là. Ará Barra, erékùṣù kan ní Skọ́tílándì, jókòó ti ará Barra ní Iona àti Christmas Island ní Cape Breton, àwọn ará Lewis àti Harris, tí òun náà jẹ́ erékùṣù níbẹ̀, kóra jọ sí North Shore, àwọn tó wá láti Lochaber lórí ilẹ̀ Skọ́tílándì sì wà ní Mabou. Ẹni tí etí rẹ̀ mú ṣì lè gbọ́ ibi tí ìdílé kan ti wá nínú bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ orin.

Láti 1892 títí di 1904 ni ìwé ìròyìn Mac-Talla fi ń jáde ní Sydney, ìlú kan ní Cape Breton, Gaelic pọ́ńbélé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, nǹkan yí padà kíákíá. Wọ́n ń na ọmọ tó bá sọ Gaelic ní ilé ìwé, iṣẹ́ èédú àti iṣẹ́ irin ní Sydney ń béèrè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì gba Boston lọ. Àwọn òbí wá ń fi Gaelic bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ sọ̀rọ̀. Nínú ìkànìyàn 2011, àwọn tó ní àwọn lè sọ Gaelic ní gbogbo Nova Scotia kò pé 1,300. Orin pẹ́ ju ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, nítorí pé orin ní ibi tó ń jókòó sí.

Ibi tó ń jókòó sí náà ni tábìlì. Oríṣiríṣi orin Gaelic ló wà: orin ewì àwọn akéwì àtijọ́, orin ẹnu tí wọ́n ń fi jó nígbà tí kò bá sí gòjé, orin Sáàmù, orin tí akéwì àdúgbò fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò. Èyí tí mo mọ̀ jù ni òrain luaidh, orin tí wọ́n fi ń lu aṣọ. Luadh ni orúkọ iṣẹ́ náà. Aṣọ onírun àgùntàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òfì kì í ṣù. Atẹ́gùn a máa gba àárín òwú rẹ̀ kọjá. Bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, tí a ń lù ú, tí a ń fà á, irun àgùntàn náà á máa kọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀, nítorí ara fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Aṣọ náà á súnkì, á nípọn, òjò kò sì ní tètè wọ inú rẹ̀. Ní Skọ́tílándì àtijọ́, ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́, nítorí amóníà inú rẹ̀ ń ṣí ọ̀rá kúrò lára òwú, obìnrin nìkan ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tó dé Cape Breton, ọkùnrin bá wọn jókòó, nígbà tó sì yá ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lé orin níbẹ̀. Lónìí kò sí ẹni tó nílò aṣọ náà mọ́. Kúbùsù kan náà ni a ń lù láti ọdún dé ọdún, orin rẹ̀ la wá ń wá.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: pátákó gígùn tí ènìyàn mẹ́jọ sí méjìlá lè jókòó yí ká, kí èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, àti kúbùsù onírun àgùntàn tí a rán etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó di òrùka ńlá. Ẹ má lo tábìlì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dídán, aṣọ á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ má sì lo pátákó tí ẹ kò fá dán, kí ẹ̀gún igi má bàa wọlé síni lọ́wọ́. Kí gbogbo ènìyàn bọ́ òrùka kí wọ́n tó jókòó, torí òrùka a máa kọ́ òwú, ó sì ń bó ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ rẹ kúbùsù náà, kí ẹ fún un títí tí kò fi ní máa kán mọ́. Èyí tó gbẹ fúyẹ́ jù, ọwọ́ á máa yára ju ẹnu lọ. Èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ wúwo, á máa ta omi sójú ènìyàn, apá àwọn àgbà á sì ti rẹ̀ kí orin kẹta tó parí.

Ẹ gbá aṣọ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ẹ lù ú sórí pátákó níwájú yín, ẹ tì í síwájú, ẹ fà á padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí ọwọ́ òsì kí ẹni tó kàn lè gbá a mú. Bí oòrùn ṣe ń yí ni aṣọ náà ń yí; deiseil ni wọ́n ń pè é, wọn kò sì gbọdọ̀ yí i sódì nítorí àmì burúkú ni. Èèwọ̀ mìíràn wà láti Skọ́tílándì: a kì í kọ orin kan lẹ́ẹ̀mejì lórí aṣọ kan. Mo fẹ́ràn èèwọ̀ yẹn gan-an. Òun ló jẹ́ kí olórin máa wá orin kún orin, torí aṣọ kan lè gba wákàtí púpọ̀ kó tó nípọn tó bó ṣe yẹ.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Àwọn tuntun á máa lu tábìlì bí ẹni ń lu bàtá, wọ́n á fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́. Abẹ́ ohùn ni ìró lílù náà yẹ kó wà. Bí mi ò bá gbọ́ bí ẹni tó ń lé ṣe pa ọ̀rọ̀ dé láti òdìkejì tábìlì, a ti ń lù ú jù. Ìkánjú ló tẹ̀ lé e. Orin tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, títí ègbè á fi di ariwo. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń lé ló ń fà á. Àwọn tó wà ní ìkángun tábìlì ni, nítorí wọn kò gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n wá ń sáré kí wọ́n má bàa pẹ́. Ẹ fi ẹni tó mọ orin dáadáa sí ìkángun méjèèjì. Kí ẹni tó ń lé jókòó sí àárín ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe sí orí tábìlì bí alága. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láàárín àwọn méjì tó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ máa tò wọ́n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin bá jókòó tira, ègbè á ṣófo lápá ọ̀dọ̀ wọn, gbogbo tábìlì á sì máa dúró dè wọ́n.

Ègbè fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní ìtumọ̀: hì rì, hó ro, hù o, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí pé kò ní ìtumọ̀, àwọn kan rò pé ohunkóhun tó bá ti jọ ọ́ lè dípò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ègbè ni a fi ń dá orin mọ̀. Ẹsẹ a máa yàtọ̀ láti ẹnu olórin kan sí òmíràn, ẹsẹ kan náà a tilẹ̀ máa kúrò nínú orin kan bọ́ sínú òmíràn, ṣùgbọ́n ègbè a máa dúró gbọn-in, orí fáwẹ̀lì rẹ̀ sì ni ohùn orin náà jókòó lé. Bí ẹnìkan bá fi hó síbi tí hì yẹ kó wà, àwọn àgbà á kàn dákẹ́ níbẹ̀. Wọn kì í bá ènìyàn wí láàárín orin; ìdákẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń ṣàtúnṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́ ègbè ṣáájú ohun gbogbo. Ìpàdé méjì gbáko, ègbè nìkan, kò sí ìwé. Èmi á lé, wọ́n á gbè, a ó lu aṣọ sí i láti ọjọ́ kìíní. Ní ìpàdé kẹta, màá ka ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀, láìfi ohùn orin sí i, wọ́n á sì kà á lẹ́yìn mi títí ẹnu wọn á fi mọ́ ọn. Ní ìkẹrin ni a ó fi ohùn orin sí i. Lẹ́yìn náà la ó tó máa fi ẹsẹ méjì méjì kún un. Orin kan ní oṣù kan ti tó. Mo ti rí kíláàsì tó kọ́ orin mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ kan. Tí ó bá di oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ ó rí i pé ègbè méjì péré ló kù lẹ́nu wọn. Ní ìpàdé karùn-ún, ẹlòmíràn ni yóò lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ mẹ́ta ló mọ̀. Tábìlì tí ẹnìkan ṣoṣo ti máa ń lé orin, ọjọ́ tí ẹni yẹn kò bá wá ni wọ́n máa ń mọ̀ pé àwọn kò mọ nǹkan kan.

Ní ọ̀pọ̀ orin luaidh, ìlà kejì nínú ẹsẹ kan ni yóò di ìlà àkọ́kọ́ ẹsẹ tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń gbé orin lọ sórí pèpéle a máa gé àtúnkọ yẹn kúrò kí orin lè kúrú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e. Ìgbà tí ẹni tó ń lé ń tún ìlà náà kọ, tí àwọn elégbè sì ń gbè é, ìgbà yẹn ló ń wá ìlà tuntun jáde lórí rẹ̀. Bí ẹ bá gé e, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa wo ìwé. Kí ẹni tó fẹ́ lé orin sì kọ́kọ́ dán ibi tó ga jù nínú ègbè wò lábẹ́ ẹnu. Ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ níbi tó dùn mọ́ni lọ́fun, kí ègbè wá gòkè kọjá ibi tí ọkùnrin mẹ́fà lè dé.

Àwa Yorùbá tètè máa ń gbọ́ ohun tó kàn yìí yé. Ta ni nínú wa tí kò tíì kọ orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, tí ohùn orin gbé ọ̀rọ̀ gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, tí ìtumọ̀ rẹ̀ wá fò lọ? Gaelic kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, ṣùgbọ́n ó ní fáwẹ̀lì gígùn àti kúkúrú. Bata, ọ̀pá ni. Bàta, ọkọ̀ ojú omi ni. (Ẹ ṣọ́ra: àmì tó wà lórí a yẹn kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀, gígùn ló ń fi hàn. Ojú tó ti mọ Yorùbá kíkà máa ń ṣì í kà.) Olórin tó mọṣẹ́ kì í fa sílébù kúkúrú gùn kí ohùn orin lè pé, ohùn orin ló ń tẹrí ba fún ọ̀rọ̀. Sílébù àkọ́kọ́ ni wọ́n sì máa ń fi agbára pè nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, orí rẹ̀ ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ bà lé pátákó. Ẹni tó bá ń lù ú sí àárín ọ̀rọ̀, kò tíì gbọ́ èdè náà.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn tún wà tí ìwé kì í sọ. Falbh, tó túmọ̀ sí kí ènìyàn lọ, sílébù kan ni ojú rí, ṣùgbọ́n ẹnu ń pè é bí falav, sílébù kejì yẹn sì ń gba ohùn tirẹ̀ nínú orin. Mac, ọmọkùnrin, ní èémí díẹ̀ ṣáájú c rẹ̀. Ní àwọn àdúgbò kan ní Cape Breton, l tó nípọn ń dún bí w. Ẹni tó kọ́ Gaelic nínú kíláàsì á fẹ́ tún un ṣe. Ẹ má gbà fún un: bí ará àdúgbò yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, inú àdúgbò yẹn ni orin náà ti wá. Fáwẹ̀lì ni wọ́n sì fi ń ṣe ìbádọ́gba ìparí ìlà, kì í ṣe kọ́nsónáǹtì. Bí ẹ bá ṣi fáwẹ̀lì pè, ìlà méjì tó so kọ́ra á tú, ìrántí á sì pàdánù èèkàn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ Gaelic ní àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń yá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ lórin, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè ka orin kejì fúnra wọn. Bí ẹni ń ka Yorùbá tí kò ní àmì kankan ló rí: ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè kà á.

Orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún bí ti akọrin ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ewu tirẹ̀. Ẹsẹ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá fi ìwọ̀n ẹsẹ àkọ́kọ́ kọ gbogbo ẹsẹ yòókù, nígbà tí àgbà ń yí i padà bí gígùn ọ̀rọ̀ bá ṣe yí. Àwọn ìró kan sì wà, pàápàá ìkẹta àti ìkeje nínú ìró méje do-re-mi, tí àwọn olórin àtijọ́ ń kọ sí àárín bọ́tìnnì dùùrù méjì. Bí ẹ bá fi gìtá tì í lẹ́yìn, gìtá á fà á lọ síbi tirẹ̀. Mòd, ìdíje orin Gaelic tó bẹ̀rẹ̀ ní Oban ní 1892, ti gbé àwọn ẹgbẹ́ akọrin tó dára jáde ní Skọ́tílándì, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ohùn mẹ́rin tí a tò sórí ara wọn kì í ṣe ohun tí tábìlì luadh ń wá.

Ní ti gbígba ohùn sílẹ̀, orí àwọn tó ṣáájú la dúró lé. Ní 1937, John Lorne Campbell àti ìyàwó rẹ̀ Margaret Fay Shaw, tí wọ́n ń kó orin Gaelic jọ, gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí ìda wá sí Nova Scotia, wọ́n sì bá orin Barra lẹ́nu àwọn tí kò tíì fojú kan Barra rí. Beaton Institute ní Yunifásítì Cape Breton àti Yunifásítì St. Francis Xavier ní Antigonish ní ọ̀pọ̀ wákàtí ohùn àwọn àgbà nípamọ́, púpọ̀ nínú èyí tó wà ní Antigonish sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ Sruth nan Gaidheal. Ẹ gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí ẹnìkan ṣe kọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn. Bí ẹ bá rí olórin mẹ́ta fún orin kan, ẹ gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó kọ́ ọ.

Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń gbà á, ẹ lo fáìlì WAV tí a kò fún pọ̀, ní 24 bit àti 48 kHz, kì í ṣe mp3 nìkan. Kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn jìnnà sí ẹnu olórin ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45, kó dúró ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí èémí má bàa fẹ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ tábìlì luadh, orí ìdúró tirẹ̀ ni kó wà, kò gbọ́dọ̀ kan tábìlì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gìdì gìdì nìkan lẹ ó gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ohùn bá ti ga jù máa kan nǹkan bí −12 dB lójú ìwọ̀n ohùn ara ẹ̀rọ náà. Ẹ pa ẹ̀rọ amómitutù, ẹ gbé aago ògiri jáde. Ẹ má dá ẹ̀rọ dúró láàárín orin méjì, torí ibẹ̀ ni àgbà ti máa ń sọ ẹni tó kọ́ ọ lórin náà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ orin náà lẹ́nu lásán lẹ́yìn tó bá kọ ọ́ tán. Ẹ kọ ọjọ́, ibi, orúkọ rẹ̀ àti sloinneadh rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn orúkọ baba, baba baba, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn. Oríkì orílẹ̀ tiwa ló jọ, ó ń sọ ibi tí orin ti wá ju àdírẹ́sì lọ. Ẹ gba àṣẹ rẹ̀ lórí ìwé, kó sì sọ ẹni tó lè gbọ́ ọ. Ẹ̀dà mẹ́ta: méjì lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, ìkẹta ní ilé mìíràn.

Ohun kan wà tó ń kó ìdààmú bá mi nípa gbogbo ìpamọ́ yìí. Ní Cuba, orin òrìṣà wa ṣì wà lẹ́nu àwọn ọlọ́rìṣà ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lukumí, ìgbà tí wọ́n ti ń fi Yorùbá ná ọjà sì ti pẹ́ kọjá. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ti sá nínú rẹ̀ torí Sípáníìṣì kò ní in, olórin mìíràn sì mọ ìgbà tí orin yẹ láìmọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Orin lè pẹ́ ju èdè lọ. Ohun tí kì í ṣeé ṣe mọ́ nígbà náà ni kí ẹnìkan ṣẹ̀dá tuntun. Cape Breton kò tíì dé ibẹ̀. Àwọn akéwì àdúgbò ibẹ̀ ti fi ohùn orin àtijọ́ ṣe orin tuntun nípa ọkọ̀ tó rì, ẹṣin tó sọnù, ìdìbò, òtútù. Ètò Bun is Bàrr tí ọ́fíìsì Gaelic ìjọba Nova Scotia dá sílẹ̀, tó ń so akẹ́kọ̀ọ́ kan mọ́ àgbà kan kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀ nílé, ń ṣe orin láǹfààní ju kíláàsì orin lọ lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ orin. Nínú kíláàsì tèmi, tí ọdún bá parí, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ kan tirẹ̀ kún orin kan, ó lè jẹ́ nípa ìrìnàjò tó gbé e dé tábìlì lálẹ́ ọjọ́ náà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í dára. Àwọn elégbè máa ń gbè é bákan náà.

Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ má kó kúbùsù náà jù sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, omi gbígbóná á sún un kì títí yóò fi kéré ju pátákó lọ. Ẹ fi omi tútù ṣan ọṣẹ rẹ̀ dànù, ẹ ká a yí igi gbọọrọ kan, ẹ fi ọwọ́ tẹ omi rẹ̀ jáde láìlọ́ ọ, ẹ sì tẹ́ ẹ síbòòji. Kó gbẹ tán pátápátá kí ẹ tó kó o pamọ́, torí kòkòrò tó ń jẹ irun àgùntàn fẹ́ràn ibi òkùnkùn tó lómi díẹ̀. Ẹ wo ojú rírán rẹ̀ kí ẹ tó tì í sínú àpótí. Ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ já, àárín orin ló sì sábà máa ń já sí.